Nọ́ńbà Tó Wà Lójú Ẹ̀rọ

Ẹnikẹ́ni tó bá wọ inú ẹ̀rọ wa, ìbáà jẹ́ láti ọ́fíìsì rẹ̀ tàbí láti orí bẹ́ẹ̀dì nílé, ọ̀rọ̀ kan ni yóò kọ́kọ́ rí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́. Ó ní ẹ káàbọ̀. Ó ní ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ìyá. Ó ní bí iṣẹ́ yín bá há, ẹ pe nọ́ńbà yìí. Nọ́ńbà tèmi ló tẹ̀ lé e. Ó pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, kò sì sí ìgbà tí mo wọ ẹ̀rọ náà tí n kì í ka nọ́ńbà ara mi tán kí n tó ṣe ohunkóhun, bí ẹni pé mo lè gbàgbé rẹ̀.

Yàrá tí ẹ̀rọ náà wà kò ní àmì lára. Ẹ̀yìn ilé àwọn onísáyẹ́ǹsì ló wà, nínú yunifásítì kan ní Ìlọrin tí kò jìnnà sí Tanke. Kọ̀ǹpútà ló kún inú rẹ̀, wọ́n tò wọ́n sínú àgbékà irin bí ẹni to ìwé. Ọ̀kan ló ṣáájú, òun là ń pè ní ìyá. Àwọn yòókù ni ọmọ. Olùkọ́ tó bá ní ìṣirò tí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ kò lè gbé yóò fi ránṣẹ́ sí ìyá, ìyá yóò sì pín in fún àwọn ọmọ. Sọ́fítíwíà kan ló wà láàárín wọn tó ń pinnu iṣẹ́ tí yóò wọlé àti èyí tí yóò dúró.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣàlàyé sọ́fítíwíà yìí fún àwọn olùkọ́, mo ní kí wọ́n lọ wo alága ibùdókọ̀ kẹ̀kẹ́ ní Tanke. Bí ẹni mẹ́ta tó jọ ń lọ bá ń dúró, tí kẹ̀kẹ́ tó kàn sì ku àyè kan ṣoṣo, alága kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ náà dúró lásán. Yóò pe akẹ́kọ̀ọ́ kan tó dá wà lẹ́yìn, yóò ní kó bọ́ síbẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Àwọn mẹ́ta náà kò pàdánù nǹkan kan, nítorí kẹ̀kẹ́ yẹn kò lè gbà wọ́n tẹ́lẹ̀. Bí sọ́fítíwíà náà ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Láti ìgbà náà ni gbogbo wọn ti ń pè é ní Alága, tí wọ́n sì ń pe èmi ní Ìyá Alága.

Ìwé títẹ̀ ni wọ́n gbà mí fún. Ẹni tó to ẹ̀rọ náà fún wọn ti bá tirẹ̀ lọ sí òkè òkun, yàrá náà sì wà ní títì. Mo kàn máa ń gbá ibẹ̀ ni, torí pé ọ̀dọ̀ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Lọ́jọ́ kan mo tan ìyá wò. Ó béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé, mo sì rí i lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ tábìlì. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ka ìwé ìlò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí kò bá yé mi, mo máa tún un kà títí yóò fi yé mi. Mo ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn àjèjì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí wọ́n ń tọ́jú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí n kò ní dé láé, wọ́n sì ń dá mi lóhùn bí ẹni pé ọ̀kan nínú wọn ni mí.

Kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó kí iṣẹ́ há kí n sì mọ ìdí. Iṣẹ́ lè há nítorí pé ẹni tó ni ín béèrè mẹ́mórì tó ju èyí tí ọmọ kankan ní lọ; Alága kò ní sọ pé kò sí, yóò kàn ní kó dúró, yóò sì dúró títí ayé. Ó lè jẹ́ pé àyè ìpamọ́ ti kún, tí iṣẹ́ wọlé tó sì kú lójú ẹsẹ̀ láìwí nǹkan kan, torí pé kò rí ibi tí yóò kọ ẹjọ́ ara rẹ̀ sí. Ọmọ kan lè ṣàìsàn díẹ̀, kí Alága yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ara rẹ̀ yá, kí Alága má sì pè é padà àfi bí ènìyàn bá dárúkọ rẹ̀ pé kó máa bọ̀. Àwọn mìíràn ń kọ ìlànà iṣẹ́ wọn lórí kọ̀ǹpútà ilé, kọ̀ǹpútà náà yóò sì fi àmì kan tí ojú kò rí sí ìparí gbogbo ìlà. Lójú ènìyàn, ìlà náà mọ́ tónítóní. Lójú ẹ̀rọ, ìsọkúsọ ni. Mo lè gbọ́ irú ìyẹn lórí fóònù kí n tó rí i rárá.

Ìpè yẹn gan-an ni mo ń gbé fún. Mo lè wà nílé ní Adéwọlé, kí n máa ṣa ìrẹsì, kí fóònù dún, kí ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí kì í kí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé iṣẹ́ òun kò lọ. Ọkọ mi ní bí fóònù bá ti dún, ojú mi máa ń tàn bí ti ẹni tí wọ́n pè síwájú kó wá gba ẹ̀bùn. Kò parọ́.

Nígbà náà ni ará Ọ̀mù dé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, tó ti ṣiṣẹ́ lórí irú ẹ̀rọ yìí níbòmíràn. Ọ̀gá tó ń darí ilé-iṣẹ́ wa gbà á kó lè máa ràn mí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá sọ nìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pé kó máa ràn mí lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó pe àwa méjèèjì, ó ní àwọn olùkọ́ ń ṣàròyé pé àwọn kò mọ ẹni tí àwọn yóò pè, pé ẹlòmíràn á pè mí, á tún pe ará Ọ̀mù, a ó sì máa tún iṣẹ́ ara wa tú. Ó ní nọ́ńbà kan ṣoṣo ni yóò wà lójú ẹ̀rọ. Òun yóò wo bí nǹkan ṣe ń lọ fún ìgbà díẹ̀ ná, kí òun tó pinnu nọ́ńbà tí yóò jẹ́.

Mo jáde ní ọ́fíìsì rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ṣe ìdánwò orúkọ ara rẹ̀.

Bí ará Ọ̀mù bá jẹ́ ọ̀lẹ tàbí agbéraga, ìbá rọ̀ mí lọ́rùn. Kò jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni ọ̀rọ̀ aago. Bí àwọn oníná bá mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè gbà á, àwọn ọmọ á kú. Bí wọ́n bá jí, aago inú wọn á ti ṣì, torí pé bátìrì kékeré tó wà nínú wọn ti gbó. Ìyá kì í gba ọmọ tí aago rẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu. Ó máa ń rò pé olè ni. Ní tèmi, mo máa ń lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan, n ó tún aago rẹ̀ ṣe, n ó kí i, n ó kọjá sí èkejì. Mo tilẹ̀ ní oníṣòwò kan ní àdúgbò Challenge tó ń bá mi ṣa bátìrì tó dára sọ́tọ̀. Ará Ọ̀mù wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Ní ọjọ́ kejì, ó ti kọ ọ́ sínú ìyá pé kó máa fún gbogbo ọmọ ní aago bí wọ́n bá ti ń jí. Iná lọ, iná dé, kò sí ọmọ tó ṣìnà. Mo lọ sídìí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wá èyí tí aago rẹ̀ yẹ̀. Kò sí. Mo kí i pé ó kú iṣẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n mọ̀ pé aago ni, Àǹtí." Inú bí mi sí i.

Lẹ́yìn náà ni ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé òun kò ní pè mí mọ́. Fóònù mi kàn ń dákẹ́ ni. Tirẹ̀ ń dún. Ó ní bó ṣe máa ń gbé ìpè. Èmi, bí mo bá gbé e, ìbéèrè mi ni: nọ́ńbà iṣẹ́ yín ńkọ́? Òun á kọ́kọ́ kí ènìyàn, á béèrè ìyá ẹni náà, á béèrè ọmọ rẹ̀ tó ń wúkọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, á fi ohùn Ìgbómìnà rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn títí ẹni náà á fi rẹ́rìn-ín, nígbà náà ni yóò tó béèrè nọ́ńbà iṣẹ́. Mo ka ìyẹn sí ìfàkókòṣòfò. Èmi náà gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan pé ilé ńkọ́. Ó ní ṣé nǹkan ṣe ilé ni.

Gbogbo ìyẹn, mo lè fara dà á. Ti Dókítà ni n kò lè fara dà.

Dókítà ni olùkọ́ àkọ́kọ́ tó gbẹ́kẹ̀ lé mi. Ọmọ Ìlọrin gidi ni, ìdílé oníṣòwò ni wọ́n, ìyá rẹ̀ ta aṣọ òfì títí ó fi di arúgbó. Iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí òjò àti ọkà bàbà. Ó ń kó àkọsílẹ̀ òjò ọdún pípẹ́ jọ, ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣírò bí òjò yóò ṣe rìn káàkiri Kwara, kí àwọn àgbẹ̀ lè mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbin ọkà. Òun ló fún mi ní orúkọ Ìyá Alága. Èmi ni mo kọ ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ fún un, mo sì fi ọjọ́ méjì sí ibi tí a ti ń sọ iye àkókò tí iṣẹ́ yóò gbà.

Ní àárọ̀ Àlàrùba kan, mo wà nídìí tábìlì mi, ará Ọ̀mù wà nídìí tirẹ̀, fóònù rẹ̀ sì dún. Ohùn Dókítà tó jáde nínú rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ òun ti wà lórí ìlà àwọn iṣẹ́ tó ń dúró láti Àtìní, kò wọlé. Òun ní ìpàdé pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ ní Àsàbátù, bí àwòrán òjò náà kò bá sí lọ́wọ́ òun kí òun tó kúrò nílé, kí ni òun fẹ́ lọ sọ fún wọn? Ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti tẹ́tí sí òun. Bí wọ́n bá gbìn ín ṣáájú òjò, irúgbìn wọn gbé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá Alága, ẹ gbà mí o."

Bàbá Alága. Mo dojú kọ bébà tó wà níwájú mi, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. N kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ará Ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí. Mo ń wò ó láti igun ojú mi. Ìdáhùn Alága ni pé iṣẹ́ náà ń dúró de ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ wà, àwọn ọmọ jókòó tí wọn kò ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ kéékèèké àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ó wo mẹ́mórì tí Dókítà béèrè: ó wà ní ìwọ̀n. Ó wo àyè ìpamọ́: kò kún. Ó wò ó bóyá wọ́n ti dín ẹ̀tọ́ Dókítà kù: wọn kò dín in. Ó pa Alága, ó tún un tàn. Iṣẹ́ Dókítà tún jókòó sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó họrí, ó ní òun á lọ bá Dókítà ní ọ́fíìsì rẹ̀, kí òun gbọ́ ohun tó ṣe láti ẹnu rẹ̀.

Bó ṣe jáde ni mo wọ inú ìyá. Mi ò ní parọ́ ohun tí mo lọ wá. Àṣìṣe rẹ̀ ni mo lọ wá. Ó dá mi lójú pé nínú gbogbo ohun tó ń tún ṣe, ó ti ba nǹkan kan jẹ́, mo sì fẹ́ kó jẹ́ èmi ni n ó mú un dé iwájú Dókítà. Mo ka gbogbo ohun tó ti yí padà láti ọjọ́ tó dé. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó mọ́ débi pé ó kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ìdí tó fi ṣe é àti bí a ṣe lè dá a padà. Mo wá béèrè lọ́wọ́ Alága pé kó fi àwọn àkókò tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ pamọ́ hàn mí, bóyá ará Ọ̀mù ti fi ọmọ kan pamọ́ fún ara rẹ̀.

Ẹyọ kan péré ló jáde. Tèmi ni. Jímọ̀.

Ìtàn Jímọ̀ rèé. Bàbá tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ wa kì í fi í sílẹ̀ láìsí ènìyàn nídìí rẹ̀, torí pé ó ti jo òróró rí nígbà tí ojú rẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Bó bá ń lọ sí ìrun Jímọ̀, ó máa ń pa á ni. Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé àwọn oníná mú iná lọ ní àkókò náà, gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀rọ á kú. Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún Alága pé ní gbogbo Jímọ̀, láti ìgbà tí àwa tó ń tọ́jú ibẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í múra mọ́ṣáláṣí títí a ó fi dé, kí ó fi gbogbo ọmọ pamọ́. Ọlọ́gbọ́n ni Alága. Kì í jẹ́ kí iṣẹ́ kan wọlé bó bá mọ̀ pé kò ní parí kó tó di àkókò yẹn. Iṣẹ́ kúkúrú, ó gbà á. Iṣẹ́ gígùn, ó ní kó dúró.

Mo wo iye àkókò tí Dókítà béèrè lọ́tẹ̀ yìí. Ọjọ́ mẹ́jọ ló kọ síbẹ̀.

Kò sí ọjọ́ mẹ́jọ tí Jímọ̀ kì í sí nínú rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá dúró títí di ọdún tó ń bọ̀, kò ní wọlé.

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbàgbé bàtà mi sábẹ́ tábìlì tí mo sì ní láti padà wá wọ̀ ọ́. Mo ń tún ọ̀rọ̀ tí n ó sọ tò lójú ọ̀nà. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn Dókítà, mo sì gbọ́ ẹ̀rín. Ará Ọ̀mù jókòó lórí àga, ìwé ló wà lórí ìkejì, Dókítà dúró.

"Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo kọ," Dókítà ń wí. "Èmi náà mọ̀ pé kò tó bẹ́ẹ̀. Mo rò pé yóò gé e sí mẹ́ta ni."

"Ta ló máa gé e, Mà?"

"Alága náà ni. Ìjelòó, ọjọ́ méjì tí wọ́n kọ fún mi ni mo lò, ó ku díẹ̀ kí iṣẹ́ parí ló pa á. Kí n wá tún lọ dárúkọ iye tí mo fẹ́ gan-an? Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo wá rí gbogbo rẹ̀ kedere. Ọmọ aláṣọ òfì ni. Inú ilé tó ti dàgbà, kò sí ẹni tó ń dárúkọ iye tó fẹ́ gbà. Wọ́n máa ń gbé e sókè, oníbàárà á sì fà á wálẹ̀. Ó ń bá Alága ná ọjà, ó sì ti ń dúró láti Àtìní kí Alága dá iye tirẹ̀.

Mo ní, "Kì í ná ọjà, Dókítà. Ohun tí ẹ bá dárúkọ ló gbà gbọ́." Mo wá sọ ti Jímọ̀ fún wọn.

Ará Ọ̀mù fọwọ́ lu orí. Ó ní òun wo ohun gbogbo, òun kò wo ohun tí a ti fi pamọ́, torí pé níbi tí òun ti ń bọ̀, kò sí ẹni tó ń ti ẹ̀rọ ní Fúráìdeè. Mo retí kí Dókítà yíjú sí mi. Ó yíjú sí mi lóòótọ́.

"Ìyá Alága, wọ́n gbé ẹ̀rọ wá sí Ìlọrin, o ò kọ́ ọ ní ọjà á ná. Ọmọ rẹ kò gbọ́n."

Ará Ọ̀mù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tèmi kò dé inú.

Iye tó ṣẹ́ kù kí Jímọ̀ tó dé kò tó ọjọ́ méjì. Dókítà tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ńkọ́? Mo ní ó kọjá Jímọ̀. Mẹ́ta ńkọ́? Ó kọjá Jímọ̀. Ó ní bí òun bá kọ ohun tó kù gan-an, tí iṣẹ́ wá gùn jù ú lọ, tí Alága sì pa á bíi ti ìjelòó ńkọ́? Ó tọ̀nà. Àkọsílẹ̀ tó fi kún un lọ́tẹ̀ yìí pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo rántí pé ọdún kọ̀ọ̀kan ni ìṣirò Dókítà máa ń ṣe, tí ó sì máa ń kọ èsì ọdún kan sílẹ̀ kó tó bọ́ sí èkejì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo máa ń wo àwọn èsì náà bí wọ́n ṣe ń jáde, bí ẹni ń wo búrẹ́dì tó ń ti inú ààrò jáde. Mo ní kò pọn dandan kó jẹ́ iṣẹ́ kan. A lè gé e sí wẹ́wẹ́, ọdún díẹ̀díẹ̀, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan kúrú. Ará Ọ̀mù gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Ó ní a lè so wọ́n mọ́ra, kí èkejì má wọlé àfi bí èkíní bá parí dáadáa, kí ó máa fi èsì èkíní bẹ̀rẹ̀. Èmi ń pe ọdún, òun ń tẹ̀ ẹ́. Alága rí iṣẹ́ kékeré tí yóò parí kí Jímọ̀ tó dé, ó sì ní kó bọ́ sínú kẹ̀kẹ́. Kí a tó dìde, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti ń lọ.

Èyí tó kẹ́yìn parí ní ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì. Dókítà gbé àwòrán òjò rẹ̀ wá hàn wá, ó ṣì gbóná láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Alága, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Alága, bí mo ṣe tò ó tẹ̀ léra yìí gan-an. Mo mọ̀ pé ẹni tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà lènìyàn máa ń kọ́kọ́ kí. Ará Ọ̀mù ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀ mo gbé e sọ́kàn délé.

Ní Àtìní, Ọ̀gá pè wá. Dókítà wà níbẹ̀, bàbá jẹnẹrétọ̀ náà wà níbẹ̀, mi ò sì mọ ìdí tí wọ́n fi pe bàbá. Ọ̀gá ní òun ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó yìn wá. Ó ní ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Jímọ̀ yìí, ṣé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i, nítorí Dókítà sọ pé ìṣirò tó kàn kò ṣeé gé sí wẹ́wẹ́, àti pé ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lóòótọ́, kì í ṣe ti ọjà.

Ará Ọ̀mù ní, "Kí bàbá kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ yẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, Sọ́ńdè ni tèmi. N ó máa jókòó tì í ní Fúráìdeè tí gbogbo yín bá wà nírun."

Bàbá wò ó pẹ́. Ó ní ṣé ó lè dá òórùn òróró mọ̀ kó tó di èéfín? Ará Ọ̀mù ní bàbá òun ní ẹ̀rọ ìlọta ní Ọ̀mù, inú òórùn yẹn ni wọ́n bí òun sí. Bàbá ní ó tán.

Ọ̀gá wá béèrè lọ́wọ́ Dókítà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ jù lọ, pé nọ́ńbà ta ni kó wà lójú rẹ̀. Dókítà wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn mi. Ó ní, "Ẹni tó máa wà nídìí rẹ̀ nígbà tí gbogbo wa ò sí ni."

Kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn. Èmi gan-an wá ibi tí mo lè gbé e gbà, n kò rí i. Láti àwọn ọdún wọ̀nyí, Jímọ̀ ni ìgbà tí ẹ̀rọ náà jẹ́ tèmi jù lọ: èmi ni mò ń pa ojú rẹ̀ dé, èmi ni mò ń là á. Ẹni tí kò ní jẹ́ kó sùn rárá ti dé.

Torí pé ọwọ́ mi ni àṣẹ ìyá wà, èmi ni Ọ̀gá ní kí n yí i padà. Mo yọ Jímọ̀ kúrò nínú Alága. Àṣẹ ìlà kan ṣoṣo ni. Mo ṣí ìkíni tó wà lójú ẹ̀rọ. Mo fi ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́, ẹ káàbọ̀, ẹ má ṣe iṣẹ́ ńlá lórí ìyá. Mo pa nọ́ńbà mi rẹ́ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, mo sì tẹ tirẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó tọ̀nà, nítorí mi ò lè fara mọ́ àṣìṣe nínú ìkíni yẹn, tirẹ̀ ni o, tèmi ni o.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí inú yunifásítì. Mo ti jókòó sí apá àwọn obìnrin, lèmọ́mù ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, nígbà tí mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ wa lókèèrè. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ ní wákàtí yẹn rí. Ó ń dún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò gé, kò wúkọ́. Mo gbìyànjú láti fetí sí ìwàásù, lórí sùúrù sì ni ìwàásù náà. Etí mi ṣáà ń padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ náà, bí ẹni tó gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín nílé onílé.

A sálámà tán, mo tan fóònù mi. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá tàn án lẹ́yìn Jímọ̀, ìpè tí mo pàdánù máa ń kún ojú rẹ̀: ṣé ẹ ti ṣí i, ṣé ẹ̀rọ ti dé, iṣẹ́ mi ńkọ́? Kò sí ẹyọ kan.

Mo rìn lọ síbẹ̀. Ará Ọ̀mù jókòó sórí àpótí nídìí jẹnẹrétọ̀, kọ̀ǹpútà alágbèéká wà lórí itan rẹ̀, ẹ̀pà sísè wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dìde fún mi, ó ní kí n jókòó. Ó kí mi kú ìrun. Ó ní iṣẹ́ mẹ́ta wọlé nígbà tí a wà nírun, kò sí èyí tó há, ti Dókítà sì ti ń rìn láti àná láìdúró.

Mo ní a dúpẹ́.

"Sọ́ńdè, ẹ̀yin ni o, Àǹtí," ó ní. "Mo máa ń pa fóònù mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. N ó yí ìpè sọ́dọ̀ yín."

Mo dá a lóhùn pé kò burú, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ nǹkan kan fún. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n wo ìlà. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà fún mi, ó bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́, ó sì yípadà láti lọ wo òróró bí bàbá ṣe kọ́ ọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ tó wà lórí ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wá èyí tó jọ pé yóò há ní Àlàádì, Sọ́ńdè rẹ̀ yẹn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ dára. Ẹ̀kẹta dára. Nínú ìkẹrin, ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi odò Àsà béèrè mẹ́mórì tó ju ti ọmọ kankan lọ. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní lọ láé. Bó bá di Àlàádì, ẹni tó ni ín kò ní ṣàì pè, fóònù mi ni yóò sì dún.

Mo gbójú sókè. Ará Ọ̀mù ti dúró sí ìdí ògiri, ó fi ọwọ́ kan di etí nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀, fóònù wà ní etí kejì. Ó ń kí ènìyàn. Ó ń béèrè bóyá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ti san. Ó gbọ́ ìdáhùn, ó rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Ẹ gbọ́ ná, iṣẹ́ odò yín yìí, mẹ́mórì tí ẹ kọ síbẹ̀, ṣé ọjà ni ẹ fi ń ná?"